Bí abúlé ṣe lè fi oòrùn nìkan tan iná, lọ èlùbọ́, kó sì se ẹ̀wà

Abúlé tó ti gbìyànjú sólà tí kò bọ́ sí i pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ óò bá òpó iná kan lẹ́bàá ilé baálẹ̀ tí kò tàn mọ́, bátìrì tó ti wú nínú àpótí rẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré tí pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì ń fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń bú lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, ibì kan náà ló ti wọ́: wọ́n ra pánẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó mọ iye iná tí wọ́n ń lò, wọ́n ro ti gílóòbù, wọn ò ro ti ẹ̀rọ gàrí, nígbà tí bátìrì sì kú, kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ fún òmíràn.

Ìlànà yìí wà fún abúlé tó tó ilé 120, tó jìnnà sí waya ìjọba, tó sì fẹ́ kúrò lórí bẹntiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì: iná ilé, omi, ẹ̀rọ ìlọ̀, ìdáná. Ilé iná sólà tó ń bá odindi abúlé pín iná kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 2018 ni wọ́n ṣí èyí tó wà ní Gbamu-Gbamu, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó jẹ́ kílówáàtì 85. Ẹ fún ara yín ní ọdún kan àbọ̀ sí méjì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́ta ló máa gbà, pánẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ tà.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Ìgbìmọ̀ ẹni 7 sí 9: aṣojú baálẹ̀, ìyálọ́jà, aṣojú àwọn ọ̀dọ́, ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ kan tí ìṣirò yá lára, àti ẹni tó ń ṣe gàrí. Kí obìnrin tó mẹ́ta níbẹ̀, ó kéré tán. Àwọn ló mọ iye igi tó ń jó lóòjọ́.
- Mítà kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti mọ iye iná tí nǹkan ń jẹ. Kò wọ́n.
- Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì méjì, 60 ní 120 ẹsẹ̀ bàtà, tí igi kò ṣíji bò.
- Ẹnjiníà iná kan tí kì í ṣe òun ló máa ta ọjà fún yín. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀.
- Àkáǹtì báńkì tí ẹni mẹ́ta ń fọwọ́ sí.
- Ìwé ńlá kan tí ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sí, tó máa wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ohun tí abúlé ń lò, láti ilé dé ilé

Ibí ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pọ̀ jù.

Ẹ má béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́, torí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ná lọ́sẹ̀ kan lórí bẹntiróòlù, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ṣájì fóònù, èédú àti igi ìdáná. Owó tó ti ń jáde lápò wọn tẹ́lẹ̀ ni owó tó dájú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ohun tó ń lo iná nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àti wákàtí tí wọ́n ń lò ó. Yúnìtì tí a máa ń sọ nísàlẹ̀ yìí ni yúnìtì orí mítà: iná kílówáàtì kan fún wákàtí kan.

Bí àpẹẹrẹ abúlé ilé 120 ṣe lè rí rèé, lóòjọ́:

- Ilé 80 tó ń lo gílóòbù mẹ́ta, rédíò àti fóònù: yúnìtì 0.25 fún ilé kan, ó di 20.
- Ilé 40 tó ní fáànù àti tẹlifíṣọ̀n: yúnìtì 1 fún ilé kan, ó di 40.
- Ṣọ́ọ̀bù 6 tó ní fírísà: yúnìtì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 12.
- Ẹ̀rọ tí ń rẹ́ gbágùúdá, méjì, họ́sípáwà 5 (kílówáàtì 3.7) ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin: bí 30.
- Ẹ̀rọ èlùbọ́ kan, kílówáàtì 5.5, wákàtí mẹ́ta: 16.5.
- Ẹ̀rọ omi, kílówáàtì 1.5, wákàtí mẹ́rin: 6.
- Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì: 9.5.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 134. Ẹ wò ó dáadáa: a ò tíì ka ìdáná mọ́ ọn. Ilé kan tó ń fi iná mànàmáná se oúnjẹ máa jẹ bí yúnìtì 1.5 lóòjọ́. Ẹ fi 120 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 180. Ìdáná nìkan ju gbogbo ìyókù lọ! Ìdí rèé tí abúlé tó bá kó sítóòfù iná wọlé lọ́jọ́ kan náà ṣe ń ṣubú lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi máa ń ní kí wọ́n fi ilé 30 bẹ̀rẹ̀ ìdáná. Ìyẹn jẹ́ yúnìtì 45, tí àpapọ̀ fi di nǹkan bí 180 lóòjọ́. A óò fi iye yìí ṣe gbogbo ìṣirò tó kù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kíka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fírísà kí wọ́n sì fi wákàtí 24 sọ ọ́ di púpọ̀. Fírísà máa ń ṣiṣẹ́, á sì sinmi. Ẹ fi mítà kékeré yẹn sí i fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ gba ohun tó bá sọ. Èkejì ni pé wọ́n máa ń lọ ka ẹ̀rọ gàrí ní ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni kí ẹ lọ, nígbà tí gbágùúdá tò dé ẹnu ọ̀nà.

Àyẹ̀wò: kí ẹni méjì ka ilé mẹ́wàá kan náà láìrí ìwé ara wọn. Bí iye wọn bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yàtọ̀, ẹ tún gbogbo rẹ̀ kà. Fún ilé tó ní jẹnẹrétọ̀, ẹ fi epo dán an wò: lítà bẹntiróòlù kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà fúnni ju yúnìtì kan sí méjì lọ. Ẹni tó ní òun ń lo yúnìtì 10 lóòjọ́ tó sì ń ra lítà méjì, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya ọ̀sán kúrò lára òru, kí ẹ tó mọ iye tí ẹ máa rà

Pánẹ́ẹ̀lì kò wọ́n tó bátìrì. Gbogbo ohun tí ẹ bá lè gbé sí ọ̀sán, ẹ gbé e sí ọ̀sán: gàrí, èlùbọ́, omi, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀wà sísè. Bí àwọn ẹ̀rọ gàrí yẹn bá lọ ṣiṣẹ́ lóru, yúnìtì 30 tí wọ́n ń jẹ máa fi ju 40 kún ìwọ̀n bátìrì tí ẹ máa rà. Ẹ̀rọ ìlọ̀ ń ṣí ní aago mẹ́sàn-án, ó ń tì ní aago mẹ́rin. Kí ó wà nínú òfin abúlé kí wáyà kankan tó wọlé.

Oòrùn oṣù kẹjọ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Nígbà òjò lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kan máa ń fún pánẹ́ẹ̀lì ní oòrùn kíkún tó nǹkan bí wákàtí 3.5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn wà lójú ọ̀run láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Eruku, ooru àti waya á jẹ ìdá mẹ́rin rẹ̀. Nítorí náà: 180 tí a pín sí 3.5, tí a tún pín sí 0.75, jẹ́ bí kílówáàtì 69. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 tó jẹ́ 128 máa fún yín ní 70.4. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù kejì ṣe ìṣirò fún yín máa ta pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí òjò á fi dé.

Bátìrì: nínú 180 yẹn, ká ní 72 ni ẹ máa lò lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fà á tán, nítorí náà ẹ pín 72 sí 0.8. Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, náà á jẹ tirẹ̀, ẹ tún pín in sí 0.9. Ó di yúnìtì 100. Bátìrì lítíọ́mù irú LiFePO4 ni kí ẹ rà. Bátìrì olójé dín lówó lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni ẹ lè máa lò, ooru wa sì ń pa á kíákíá.

Ínfátà: ẹ ro àwọn ohun tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìlọ̀ àti omi jẹ́ kílówáàtì 14.4, ìkòkò iná 15 tó ń se oúnjẹ pọ̀ jẹ́ 15, ilé àti ṣọ́ọ̀bù bí 10. Ínfátà oní-féèsì mẹ́ta tó jẹ́ kílówáàtì 45 sí 50 máa gbé e, bí ẹ bá ṣe ohun tí mo sọ nípa mọ́tò ní ìgbésẹ̀ 7.

Ó ku ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ kọ àtẹ kan sára ògiri ilé iná: ohun tí a kọ́kọ́ ń pa ni ẹ̀rọ èlùbọ́ àti gàrí, lẹ́yìn náà ìdáná, lẹ́yìn náà fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ilé ìwòsàn àti omi la kì í pa. Abúlé tí kò bá ṣe àtẹ yìí máa sáré padà sídìí jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kejì òjò.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí ẹnjiníà fi ìṣirò oṣù kẹjọ hàn yín lórí ìwé. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ilẹ̀ àti àṣẹ

Ilẹ̀ ẹbí ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti gbin irin pánẹ́ẹ̀lì tán, tí ọmọ ẹbí kan ti Èkó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó ní wọn ò bá òun sọ ọ́. Oṣù mẹ́rin ni irin náà fi dúró lásán, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Kí gbogbo olórí ojúlé nínú ẹbí náà fọwọ́ sí ìwé, kí sọ́fíyọ̀ wọn ilẹ̀, kí lọ́yà kọ iye ọdún sí i: 20, ó kéré tán. Ìlérí ẹnu baálẹ̀ kò tó, bó ti wù kí baálẹ̀ náà jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ní ti ìjọba, òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa darí iná tiwọn. Òǹdó, Èkìtì, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn ti gba àṣẹ náà, nítorí náà àjọ iná ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá níbẹ̀. Níbi tí ìpínlẹ̀ kò bá tíì gbà á, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí iná mànàmáná, l'Ábújá ló ni àṣẹ. Lábẹ́ ìlànà NERC ti ọdún 2023, ilé iná abúlé tí kò tó kílówáàtì 100 kàn nílò ìforúkọsílẹ̀. Láti 100 dé mẹ́gáwáàtì kan (kílówáàtì 1,000) ló ń gba ìwé àṣẹ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kílówáàtì 70 tiwa yìí bọ́ sí ọ̀nà tó rọrùn. Ìlànà kan náà sọ pé bí iye owó iná bá jẹ́ àdéhùn láàárín ilé iṣẹ́ àti abúlé, àwọn oníbàárà tó ń lo ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iná náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé òfìfo rárá.

Àyẹ̀wò: ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó ní nọ́ńbà.

Ìgbésẹ̀ 4: Owó tó ń kọ́ ilé iná, àti owó tó ń mú un wà láàyè

Owó ìkọ́lé lè wá láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tó máa ta iná fún yín, láti REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, tàbí láti ọwọ́ àwọn ọmọ abúlé tó wà ní Èkó àti òkè òkun. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún DARES, ètò tó ń mú iná sólà dé ibi tí iná kò tíì dé, ní oṣù kejìlá ọdún 2023, REA ló sì ń darí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ iná ni apá kan owó náà ń gbà ọ̀dọ̀ wọn kọjá gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́. Nítorí náà bí ilé iṣẹ́ kan bá wá bá yín, ẹ bi í bóyá ó ti wọ ètò náà, nítorí ìrànwọ́ yẹn yẹ kó dín iye owó yúnìtì kù.

Owó kejì ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé. Ká ní bátìrì yín jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà, tó sì máa lo ọdún 10. Ìyẹn jẹ́ 200,000 náírà lóṣooṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Abúlé ń lo yúnìtì 180 lóòjọ́, ó di 5,400 lóṣù. Nítorí náà, 37 náírà nínú owó yúnìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti bátìrì ọjọ́ iwájú. Ẹ fi owó olùṣọ́, owó oníṣẹ́ iná àti ti ínfátà kún un. Kí owó bátìrì wà nínú àkáǹtì tirẹ̀, kí a má fi ṣe ìsìnkú, kí a má fi ṣe ọdún, kí ẹnikẹ́ni má yá a "fún ọ̀sẹ̀ méjì péré".

Mítà tí a ń ra káádì sí ṣáájú ni kí gbogbo ilé lò. Owó orí-ilé, tí gbogbo ènìyàn ń san iye kan náà, máa ń ya wèrè láàárín oṣù mẹ́ta: ẹnì kan á gbé áyọ́ọ̀nù àti fírísà wọlé, aládùúgbò rẹ̀ tó ní gílóòbù méjì á máa san án fún un. Kí mítà wà ní ilé baálẹ̀ pẹ̀lú, àti ní ilé pásítọ̀, àti ní ilé ìmáàmù. Bí abúlé bá fẹ́ bu ọlá fún kábíyèsí tàbí baálẹ̀, kí wọ́n máa dá owó ra káádì fún un. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní waya tí kò gba inú mítà kọjá.

Ìgbésẹ̀ 5: Pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, àti àrá

Kí pánẹ́ẹ̀lì dojú kọ gúúsù, kí ó dagun ní ìwọ̀n dígíríì 10 sí 15. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, omi òjò ò ní ṣàn lọ, eruku ọyẹ́ á gbá jọ sí etí rẹ̀. Ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó gbin irin kankan: ibi tí òjìji ìrókò tàbí òpó bá dé, ẹ sún kúrò níbẹ̀. A máa ń so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, bí òjìji bá bo ọ̀kan, ó lè fa gbogbo ọ̀wọ́ náà sẹ́yìn.

Yàrá bátìrì nílò òrùlé tó ní àjà, fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, àti ilẹ̀kùn irin. Yàrá páànù láìsí àjà máa se bátìrì jinná. Ẹ ri irin éérì, èyí tó ń da iná àrá sínú ilẹ̀, mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ohun tó ń gba àrá mọ́ra sí ẹnu waya méjèèjì, èyí tó ń bọ̀ láti pánẹ́ẹ̀lì àti èyí tó ń lọ sí abúlé. Ṣàngó kì í béèrè iye tí ẹ ra ínfátà.

Ìkìlọ̀: waya tó ti ìdí pánẹ́ẹ̀lì wá kì í ṣe bíi waya ilé. Bí iná bá ń gbà á kọjá tí ẹnì kan sì yọ ọ́, iná á fò láàárín ẹnu méjèèjì, kò sì ní tètè kú. Ẹ pa swíìṣì rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nígbà gbogbo. Ibi yìí kì í ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àyẹ̀wò: ní ọ̀sán ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kílówáàtì 70 yẹ kó máa fún yín ní bí 50 sí 56. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kún tí kò sì sí ẹni tó ń lo iná, ẹ máa rí 5 tàbí 6, ẹ̀rù á sì bà yín lásán. Ẹ lo bátìrì dé ìdajì lóru ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tan ẹ̀rọ gàrí méjèèjì, kí ẹ tó wo nọ́ńbà.

Ìgbésẹ̀ 6: Òpó, waya àti inú ilé

Ẹ lo waya alumíníọ́mù tí rọ́bà bò tí a lọ́ pọ̀, kí òpó má jìnnà síra ju mítà 50 lọ. Waya ìhòòhò dín lówó, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀ka igi ń fà bọ́, òun náà ni olè iná ń fi ìkọ́ há lóru. Ẹ pín ilé 120 náà sí féèsì mẹ́ta, 40-40, kí ẹ sì pín àwọn ilé 30 tó ń fi iná dáná sí wọn dọ́gba, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìpín ilé ìdáná yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Mo ti rí ibi tí gbogbo wọn wà lórí féèsì kan, tí ìdá mẹ́ta abúlé ń wà lókùnkùn ní aago méje alẹ́ tí iná sì pọ̀ nílẹ̀.

Nínú ilé, ẹ má so mítà mọ́ waya tí wọ́n fà fún jẹnẹrétọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní bréékà tó ń já bí iná bá gbé ènìyàn, èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí. Ilé amọ̀ àti ẹsẹ̀ tútù kì í bá iná ṣeré.

Àyẹ̀wò: ẹ tan gbogbo ohun tó wúwo pọ̀, kí ẹ fi mítà wọn fọ́ọ́tì ní ilé tó jìnnà jù. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 216 sí 244. Bó bá wà lábẹ́ rẹ̀, waya yẹn tínrín jù, ẹ má jẹ́ kí kọngílá sọ fún yín pé "ó máa wọlé tó bá yá".

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ yọ ẹ̀ńjìnnì kúrò nídìí ẹ̀rọ ìlọ̀

Ẹ̀rọ ìlọ̀ fúnra rẹ̀ lè má nílò ìyípadà. Ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń yí i lẹ máa yọ, kí ẹ fi mọ́tò iná dípò rẹ̀. Ìjàǹbá wà ní púlì: ọ̀pọ̀ mọ́tò iná ń yí ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ńjìnnì àtijọ́ lè máa yí 850. Bí ẹ bá gbé púlì ẹ̀ńjìnnì sórí mọ́tò, ẹ̀rọ gàrí á sáré àsápajúdé, bẹ́líìtì á jó, irin lè fò jáde. Ìṣirò rẹ̀ kò le: yíyí ẹ̀ńjìnnì, ẹ fi fífẹ̀ púlì rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí yíyí mọ́tò. Púlì ẹ̀ńjìnnì íńṣì 10: 850 lọ́nà 10, tí a pín sí 1,450, jẹ́ 5.9. Púlì íńṣì 6 ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tí a kàn tan ṣáá máa ń fa iná ìlọ́po márùn-ún sí méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mọ́tò kílówáàtì 5.5 lè béèrè ju kílówáàtì 33 lọ, ínfátà á sì já, gbogbo abúlé á ṣókùnkùn nítorí èlùbọ́ ẹnì kan. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìdí mọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣòfin pé a kì í tan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mọ́tò bá ń yí sẹ́yìn, ẹ pa iná, kí ẹ pààrọ̀ ipò féèsì méjì nínú mẹ́ta.

Àyẹ̀wò: ẹ tan ẹ̀rọ èlùbọ́ nígbà tí ìkòkò iná mẹ́wàá ń ṣiṣẹ́. Gílóòbù lè ṣẹ́jú díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kú.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìdáná

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí sítóòfù oníwáyà tó ń pọ́n bí ẹyin iná. Ìkòkò iná onítẹ̀ẹ́mù tí ń ti ideri mọ́ra ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà tó jinná nínú rẹ̀ kì í sábà jẹ tó ìdajì yúnìtì, èyí tó wà lórí sítóòfù oníwáyà sì lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹran, iṣu, ìrẹsì, ó gbà gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ro àmàlà nínú rẹ̀? Fún ìyẹn, sítóòfù iná olójú dígí tó ń mú ìkòkò gbóná láìpọ́n ló dára jù. Ibi tí wọ́n ti ń já àwọn ìyá wa kulẹ̀ rèé: kì í mú ìkòkò alumíníọ́mù, bẹ́ẹ̀ ìkòkò ìrọ́ tó wà nílé gbogbo wa, alumíníọ́mù ni. Ẹ mú òòfà dání lọ ọjà. Ìkòkò tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ nídìí ló máa ṣiṣẹ́. Ẹ ka owó ìkòkò tuntun mọ́ owó sítóòfù, kí ìyá kan má bàa gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Gàrí yíyan ni mi ò ní pàrọwà fún yín nípa rẹ̀. Lítà omi kan tó bá máa di ooru máa gba yúnìtì 0.63, kò sí ọgbọ́n tó lè yí ìyẹn padà. Àpò gàrí kílò 50 lè gba 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn iná ilé kékeré 80 fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ fi jáàkì fún gbágùúdá náà gbẹ dáadáa, kí ẹ ṣe ààrò tó ní ẹnu èéfín, kí ẹ sì fi gàrí yíyan sílẹ̀ sórí igi títí ẹ ó fi fi pánẹ́ẹ̀lì kún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé agbada sórí iná lọ́dún àkọ́kọ́ kò tíì yan gàrí rí.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn oṣù kan, ẹ wo mítà àwọn ilé 30 náà. Bí ilé kan bá wà lábẹ́ yúnìtì 20 lóṣù, wọn ò lo ìkòkò náà. Ẹ lọ jókòó pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń se ẹ̀wà, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọgbọ̀n ọjọ́ láìsí jẹnẹrétọ̀

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nu pánẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láàárọ̀ kùtù. Omi tútù lórí dígí tó ti gbóná lọ́sàn-án lè là á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀. Ọmọ abúlé méjì, tí ọ̀kan jẹ́ obìnrin bó bá ṣeé ṣe, ni kí ẹ kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá kọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan ṣoṣo, Ìbàdàn ló máa gbà lọ.

Ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé ńlá lójoojúmọ́: iye tó kù nínú bátìrì ní aago mẹ́fà àárọ̀, iye yúnìtì ọjọ́ náà, àti ohunkóhun tó já. Bí bátìrì bá ń jí pẹ̀lú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sókè nígbà òjò, ẹ lè fi ilé mẹ́wàá kún àwọn tó ń dáná. Bó bá ń jí lábẹ́ 20, ẹ dúró, ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì kún un ná. Ọ̀kadà oníná ń jẹ yúnìtì méjì sí mẹ́ta fún ṣájì kan. Ọ̀sán nìkan ni kí wọ́n máa ṣájì rẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ tẹ̀léra hàn, tí ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti òjò, tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tó dún, ẹ ta àwọn ẹ̀ńjìnnì. Ẹ tà wọ́n fún ará abúlé mìíràn, kí wọ́n má bàa padà wá dún lẹ́yìnkùlé ẹnì kan, kí owó ti ẹ̀ńjìnnì àjọni sì wọ àkáǹtì bátìrì lọ́jọ́ náà gan-an.